Orin Lẹ́nu Géètì: Fíìmù Sing As We Go (1934) àti Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ̀rín Kò Sọ

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orin ní í ṣíwájú ọ̀tẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ìjà ìgboro tó bẹ́ sílẹ̀, orin ni ó kọ́kọ́ ń fi ibi tí ọkàn àwọn ènìyàn ń lọ hàn. Ṣùgbọ́n ìtàn kọ́ wa pé orin lè ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ó yàtọ̀ sí èyí pátápátá: ó lè jókòó sí àyè tí ó yẹ kí ọ̀tẹ̀ jókòó sí, kí ó sì dá gbogbo ènìyàn padà sílé pẹ̀lú ìdùnnú. Àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ fún àgbéyẹ̀wò ni fíìmù olórin apanilẹ́rìn-ín kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1934. Orúkọ rẹ̀ ni Sing As We Go, èyí tí a lè pè ní ‘Ẹ Jẹ́ Kí A Máa Kọrin Bí A Ti Ń Lọ’. Ìparí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀: obìnrin òṣìṣẹ́ kan ṣíwájú ogunlọ́gọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń kọrin wọ ilé-iṣẹ́ òwú tí ó ti tì tẹ́lẹ̀, àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìbéèrè tí àròkọ yìí fẹ́ dáhùn ni pé, kí ni ó ti ilé-iṣẹ́ náà, kí sì ni ìdí tí fíìmù náà kò fi sọ ọ́? Ìdáhùn rẹ̀ kan àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ju bí a ti lè rò lọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú àsìkò tí fíìmù náà jáde. Títí di òpin àwọn ọdún 1920, fíìmù kò ní ohùn. Ẹnu àwọn òṣèré a máa mì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a kọ ni òǹwòran ń kà, ohùn orin àwọn tó jókòó sínú gbọ̀ngàn ni ó sì ń gbọ́. Ní 1929 ni fíìmù afọhùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Blackmail tí Alfred Hitchcock darí wà lára àwọn àkọ́kọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni Basil Dean, ẹni tí ó ti lórúkọ nídìí eré orí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù, dá ilé-iṣẹ́ Associated Talking Pictures sílẹ̀. Ní 1931, ó ṣí ibùdó ìṣefíìmù sí Ealing, ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ó ń dẹ́rù ba òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni fíìmù Amẹ́ríkà tí ó ti gba gbogbo gbọ̀ngàn sinimá. Ìjọba ti fi òfin gbè wọ́n: òfin fíìmù ti 1927 pa á láṣẹ pé ìdá kan pàtó nínú fíìmù tí àwọn onígbọ̀ngàn ń fi hàn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìdá náà bẹ̀rẹ̀ láti orí 5 nínú 100, ó sì ń gòkè títí tí ó fi dé 20 nínú 100 ní 1936. Kí òǹkàwé fi òfin ìdíwọ̀n yìí sọ́kàn, nítorí a ó bá ìkejì rẹ̀ pàdé níwájú.

Bí òfin bá ti lè ṣí ọjà sílẹ̀, kò lè fi tipátipá mú ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó mú wọn rẹ́rìn-ín ni Gracie Fields. Grace Stansfield ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n bí i ní oṣù Kìíní 1898 ní ìlú Rochdale, ní agbègbè Lancashire, lókè ṣọ́ọ̀bù tí ìyá rẹ̀ àgbà ti ń ta ẹja díndín. Nígbà èwe rẹ̀, òfin gba ọmọ ọdún méjìlá láyè láti lo ìdajì ọjọ́ nílé-ìwé, kí ó sì lo ìdajì yòókù nídìí ẹ̀rọ òwú. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1918 ni ó fòpin sí àṣà náà. Grace wà lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí orí ìtàgé àwọn aláwàdà àti olórin, tí ó sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká kí fíìmù tó mọ̀ ọ́n. Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, Sally in Our Alley, jáde ní 1931. Nígbà tí Sing As We Go yóò fi jáde, ó ti wà lára àwọn òṣèré tí owó wọn pọ̀ jù lọ nílẹ̀ náà.

Kí ni ó ní tí àwọn yòókù kò ní? Ohùn dídùn wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ẹ̀ka-èdè rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí fíìmù kò ní ohùn, kò sí ẹni tó lè fi etí mọ ìlú tí òṣèré ti wá. Ọjọ́ tí fíìmù fọhùn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè di wàhálà. Ọ̀pọ̀ òṣèré ló ti orí ìtàgé Lọ́ńdọ̀nù wá, èdè àwọn ọmọ ilé-ìwé ńláńlá ni wọ́n sì ń sọ. Ilé-iṣẹ́ rédíò BBC pàápàá gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní 1926, lábẹ́ àkóso akéwì Robert Bridges, láti máa pinnu bí ó ti yẹ kí àwọn asọ̀rọ̀ rédíò pe ọ̀rọ̀. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni Gracie Fields dé pẹ̀lú èdè Rochdale, níbi tí fáwẹ́lì inú cup kò ti yàtọ̀ sí ti inú put, tí a sì ń gé fáwẹ́lì inú bath kúrú. Ní àwùjọ tiwa náà, a mọ bí ó ti máa ń rí: nínú ọ̀pọ̀ eré wa, ẹni tí ó bá ń sọ ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ̀ ni a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tí ó bá ń sọ Yorùbá àjùmọ̀lò ni a fi ń ṣe akọni. Gracie Fields yí àkóso yìí padà. Ẹ̀ka-èdè àwọn òṣìṣẹ́ di èdè akọni inú ìtàn. Òun ni ó ń rẹ́rìn-ín àwọn ọlọ́lá, àwọn ọlọ́lá kọ́ ni ó ń rẹ́rìn-ín rẹ̀. Ẹni tí ó bá fojú kéré èyí kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí fún òṣìṣẹ́ òwú láti san owó wọ gbọ̀ngàn, kí ó sì gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ lẹ́nu ẹni tí gbogbo ilẹ̀ ń yẹ́ sí.

J. B. Priestley, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Bradford ní 1894, ni ó kọ ìtàn fíìmù náà. Òun àti Gordon Wellesley ni wọ́n jọ kọ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré. Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Grace Platt ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ òwú Greybeck. Ọjà kùtà, ilé-iṣẹ́ tì, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ di aláìníṣẹ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó forí lé Blackpool ní etí òkun láti lọ wá iṣẹ́. Kò sí iṣẹ́ tí kò ṣe níbẹ̀: ó ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ nílé ìgbàlejò, ó dúró fún aríran tí ń sọ tẹ́lẹ̀ fún àwọn ènìyàn, ó kọrin láti fi polówó ìwé orin, ó ta súìtì, wọ́n tilẹ̀ fi í ṣe obìnrin aláǹtakùn níbi ìran àrímáleèlọ. Stanley Holloway ni ọlọ́pàá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kó sí lọ́wọ́ ṣáá. Ọ̀dọ́kùnrin Hugh Phillips, tí ó wà lára àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà, tí John Loder sì ṣe ipa rẹ̀, ni Grace fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n Phyllis, ọmọge kan tí Dorothy Hyson ṣe ipa rẹ̀, ni Hugh yàn. Ní ìgbẹ̀yìn, ọ̀nà tuntun kan tí wọ́n rí nídìí iṣẹ́ náà àti owó ọlọ́lá kan gba ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fi Grace ṣe alábòójútó ire àwọn òṣìṣẹ́, ó sì kó wọn padà wọlé pẹ̀lú orin tí Harry Parr-Davies kọ.

Ibi tí wọ́n ti ya púpọ̀ nínú fíìmù yìí jẹ́ kí ó níyì fún òpìtàn. Basil Dean kò jókòó sí Ealing kí ó fi pákó ya àwòrán òkun. Ó kó àwọn òṣèré lọ sí Blackpool fúnra rẹ̀, sí àárín èrò tó wá gbádùn. Nípa bẹ́ẹ̀, fíìmù náà di àkọsílẹ̀ àṣà kan tí ó ti ń pa rẹ́. Ní àwọn ìlú òwú Lancashire, ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn wọn tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ yóò ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà. Wakes ni wọ́n ń pe ọ̀sẹ̀ yìí. Èéfín a dáwọ́ dúró, ìlú a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Blackpool, níbi tí ilé-ìṣọ́ gíga tí wọ́n ṣí ní 1894 ti ń kí wọn láti òkèèrè. Kí a má gbàgbé pé ọ̀sẹ̀ aláìlówó-oṣù ni. Ní 1938 ni òfin ìsinmi olówó-oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé; kí ó tó di ìgbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ a máa dá owó jọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń dá àjọ níhìn-ín, kí wọ́n lè ná an tán láàárín ọjọ́ méje. Ìdí nìyí tí ìrìn-àjò Grace Platt fi ní ìtumọ̀ méjì. Ibi ìgbádùn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ ni ó lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà oúnjẹ ni ó ń wá lọ síbẹ̀.

Nísinsìnyí, a dé orí ọ̀rọ̀ tí fíìmù náà fò dá. Kí ni ó ti Greybeck? Nínú fíìmù, ilé-iṣẹ́ tì gẹ́gẹ́ bí òjò ṣe ń rọ̀: ó ṣẹlẹ̀ ṣáá ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Lancashire gan-an ní orí àti ìdí. Ní 1913, aṣọ òwú tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tà sókè òkun tó nǹkan bí bílíọ̀nù 7 yáàdì, Íńdíà nìkan sì ń ra bíi bílíọ̀nù 3 nínú rẹ̀. Nígbà tó di 1934, gbogbo èyí tí wọ́n ń tà sókè òkun kò ju nǹkan bí bílíọ̀nù 2 lọ. Àwọn ará Íńdíà ti ń hun tiwọn, àwọn tó ń jà fún òmìnira sì ti kọ ẹ̀yìn sí aṣọ òyìnbó. Ní oṣù Kẹsàn-án 1931, Gandhi fúnra rẹ̀ lọ sí Darwen ní Lancashire láti fojú rí àwọn tí ìpinnu àwọn ènìyàn rẹ̀ ti sọ di aláìníṣẹ́. Àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ òwú hó fún un tayọ̀tayọ̀, àwòrán náà wà títí dòní. Ó sì ṣàlàyé fún wọn pé òṣì tí ó wà nílẹ̀ òun ju tiwọn lọ. Ní ìhà kejì, Japáànì ti ń hun aṣọ ní owó pọ́ọ́kú. Ní 1929, Platt Brothers ti ìlú Oldham, ilé-iṣẹ́ tó ti ń ta ẹ̀rọ òwú fún gbogbo ayé láti ọjọ́ pípẹ́, ra ẹ̀tọ́ láti máa ṣe òfì aládàáṣiṣẹ́ tí Toyoda ti Japáànì ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ ọ̀gá. Ní 1933, Japáànì ta aṣọ òwú sókè òkun ju ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ.

A kò lè sọ pé ẹni tí ó kọ ìtàn náà kò mọ èyí. Ní 1933, Priestley rin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já láti fojú rí ipò tí àwọn ènìyàn wà, ó sì tẹ ìwé rẹ̀, English Journey, jáde ní 1934, ọdún kan náà pẹ̀lú fíìmù. Nínú ìwé náà, nígbà tí ó dé Blackburn, ó ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ kan ni ó ń bani lọ́kàn jẹ́ jù lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti èdè wọn. Dhoti ni, aṣọ tí àwọn ọkùnrin Íńdíà ń ró. Àwọn ará Blackburn ti ń hun ún fún wọn títí wọ́n fi sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́. Nígbà tí ọjà rẹ̀ sì kú, ọ̀rọ̀ náà ṣẹ́kù sí wọn lẹ́nu. Báyìí ni ìtàn ọrọ̀-ajé odidi agbègbè kan ṣe wà nínú ọ̀rọ̀ àyálò kan ṣoṣo. Òǹkọ̀wé kan náà, ọdún kan náà, agbègbè kan náà: ìwé gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé, fíìmù tì í síta. Ẹni tó ń ra aṣọ kò sí nínú Sing As We Go rárá. A gbọ́ ohùn ẹni tí ń hun ún, a rí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ró o kò ní ẹnu.

Àwa náà sì wà lára àwọn tó ń ró o. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará Lancashire ti ń wo ilẹ̀ wa bí oko àti bí ọjà. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1902 láti máa gbin òwú sí àwọn ilẹ̀ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá sí ilẹ̀ Yorùbá àti Ilẹ̀ Hausa, ó fún àwọn àgbẹ̀ ní irúgbìn, ó sì kọ́ ilé ẹ̀rọ tí ń ya kóró kúrò lára òwú sí Ìbàdàn àti ibòmíràn. Aṣọ funfun tí àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta ń rẹ sínú aró, láti Manchester ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí aṣọ Japáànì tí kò wọ́n dé, inú àwọn tí owó ọjà ti já kulẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ dùn, nítorí àwọn ọdún yẹn kan náà ni owó epo, kòkó àti ẹ̀pà lọ sílẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún 1934, Walter Runciman tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ òwò nínú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde ní ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin pé a ó fi ìdíwọ̀n sí aṣọ Japáànì tí ń wọ àwọn ilẹ̀ abẹ́ ìjọba náà. Nàìjíríà, Gold Coast (èyí tí ó di Ghana ní 1957), Sierra Leone àti Gambia wà lára àwọn tí ó kàn.

Ìkejì òfin ìdíwọ̀n tí mo ní kí òǹkàwé fi sọ́kàn nìyí. Ti àkọ́kọ́, ti 1927, dá ààbò bo fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Ti èkejì, ti 1934, dá ààbò bo aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ Japáànì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni pé àwọn tó san ti àkọ́kọ́ ní ẹni tí wọ́n dìbò yàn sí ilé-ìgbìmọ̀ tó ṣe òfin náà; àwọn tó san ti èkejì kò ní. Obìnrin ọlọ́jà ní Èkó tàbí ní Kumasi tí ó ní láti ra aṣọ tó wọ́n jù nítorí kí iṣẹ́ má baà tán ní Lancashire, òun náà dá owó sí ìṣílẹ̀kùn irú ilé-iṣẹ́ bíi Greybeck. Kò sí ẹni tí ó pè é síbi orin náà.

Ṣé ẹ̀bi Gracie Fields wá ni bí? Rárá o. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à ń fi í rín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1933, àwọn aláìníṣẹ́ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 3, àwọn aṣojú ìjọba a sì máa wọ ilé wọn láti ka ohun ìní wọn kí wọ́n tó fún wọn ní owó ìrànwọ́. Ẹni tí irú ojú bẹ́ẹ̀ ti wò ní ẹ̀tọ́ sí wákàtí kan àti díẹ̀ tí kò ní í bojú wẹ̀yìn. Fíìmù náà sì ní òótọ́ tirẹ̀ tí ó sọ: Grace kò fẹ́ ọmọ olówó. Ọ̀pọ̀ ìtàn irú èyí ni ìgbéyàwó máa ń parí, tí òṣì a sì tán nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn tálákà ti bọ́ sí ààfin. Nínú èyí, ọmọ olówó fẹ́ ẹlòmíràn, Grace gbé ìbànújẹ́ mì, ó padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tí mo ti ń bá fíìmù náà jà kò ju ibì kan lọ: ó mú kí ó dà bí ẹni pé ẹ̀mí rere àti orin ni ó ń ṣí ilé-iṣẹ́ tí ọjà ayé bá ti.

Ìtàn kò jẹ́ kí ẹ̀tàn náà pẹ́. Ní 1936, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí Grace Platt kọrin wọ géètì, ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn onílé-iṣẹ́ ìranwú, kí wọ́n lè fi ra ẹ̀rọ tó ti pọ̀jù, kí wọ́n sì fọ́ wọn. Òfin mìíràn tí ó jọ ọ́ tún tẹ̀ lé e ní 1959. Ẹ̀rọ tí fíìmù ní yóò padà ṣiṣẹ́ ni ìjọba sanwó láti fọ́. Gracie Fields ní tirẹ̀ ń gòkè sí i: ní 1938, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà 20th Century-Fox bá a ṣe àdéhùn fíìmù mẹ́rin ní £200,000. Capri nílẹ̀ Ítálì ni ó kú sí ní 1979.

Ṣùgbọ́n òwú ṣì ń bá ìrìn-àjò rẹ̀ lọ. Nígbà tí Lancashire ń rọ, David Whitehead, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ òwú ibẹ̀, bá ìjọba Àríwá Nàìjíríà lọ́wọ́ sí Kaduna Textiles Limited, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957. Òun náà tì ní 2002, ọjà kùtà, aṣọ tí kò wọ́n láti Éṣíà ti gba ìgboro. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ Kaduna ń sọ lẹ́nu géètì tí a fi ṣẹ́ẹ̀nì dè kò yàtọ̀ sí ti Rochdale àti Blackburn ní àádọ́rin ọdún ṣáájú. Èdè Hausa àti àwọn èdè mìíràn tí ń bẹ láyìíká wọn ni wọ́n kàn fi sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òṣèré wa bá fẹ́ fi ìtàn wọn ṣe eré, kí ó kọrin sí i, kí ó sì pa wá lẹ́rìn-ín, nítorí ó tọ́ sí àwọn tó jìyà náà. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí ẹnì kan nínú eré náà béèrè, ní èdè ìyá rẹ̀, ẹni tó ń ra aṣọ, ẹni tó ń tà á, àti ẹni tó ṣòfin láàárín àwọn méjèèjì. Bí ìbéèrè bá ti wà nínú orin, a jẹ́ pé òwe àwọn àgbà ṣì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró.